Fífi Draft Sọ Ìlà Ìdènà Tó Ti Darúgbó Dọ̀tun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Pittsburgh Steelers

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí ẹ mọ touchdown, tí ẹ mọ Super Bowl, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ draft kò tíì yé dáadáa, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Pittsburgh Steelers la mú, láti 2011 sí 2021. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn wọ́n ṣe ohun tó dára gan-an, wọ́n tún ṣe èyí tó kù díẹ̀ káàtó, orúkọ àwọn tí wọ́n mú lọ́dọọdún ló sì fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Kí ni draft gan-an?

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, ikọ̀ 32 tó wà nínú NFL máa ń pín àwọn ọmọ tó ń jáde bọ̀ láti yunifásítì láàárín ara wọn. Ìpele méje ni. Ikọ̀ tó ṣe burúkú jù ní sáà tó kọjá ló kọ́kọ́ ń mú; ẹni tó gba Super Bowl ló ń gbẹ̀yìn, ẹni tó pàdánù níbẹ̀ ló sì ń ṣíwájú rẹ̀. Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ nílé ni pé kò sí akádẹ́mì. Arsenal lè mú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Steelers kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì fún ọdún mẹ́ta kó tó lè wọlé, ẹni tí ẹ sì fẹ́, àfi kí àwọn tó ṣíwájú yín fi í sílẹ̀ títí tó fi kàn yín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Steelers?

Nítorí pé ní sáà 2010, ìlà ìdènà wọn ló jẹ́ kí alátakò gba póìǹtì tó kéré jù ní gbogbo NFL: póìǹtì 232 péré ni wọ́n jẹ́ kí àwọn alátakò gbà nínú eré 16. Wọ́n dé Super Bowl, Green Bay sì fi 31 sí 25 lù wọ́n ní oṣù kejì 2011. Ikọ̀ tó dé ibẹ̀ kì í rò pé ohun kan ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin náà ti ń lọ, àti pé nítorí àdánù yẹn, ipò 31 ni wọ́n máa ti mú ọmọ. Ikọ̀ tó bá ń ṣe dáadáa kì í rí ọmọ tó dára jù mú. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ti ń di dandan.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìlà ìdènà ti darúgbó, nígbà tó ṣì ń borí?

Ẹ má wo ipò wọn lórí àtẹ. Àtẹ máa ń purọ́ fún ọdún kan tàbí méjì. Ní 2011, Steelers tún ni ẹni àkọ́kọ́: àwọn ló jẹ́ kí alátakò gba póìǹtì tó kéré jù, àwọn náà ló jẹ́ kí wọ́n rìn kéré jù lórí pápá. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan á ní kò séwu. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ alátakò já láti 35 ní 2010 sí 15 ní 2011. Sack, ìyẹn kí wọ́n gbé quarterback ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, já láti 48 sí 35. Àgbà mọ ibi tó yẹ kó dúró, kì í ṣìnà, nítorí náà kò rọrùn láti rìn kọjá lára rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń kúrò lára rẹ̀ ni ìṣísẹ̀ kan tó fi ń já bọ́ọ̀lù gbà, tàbí tó fi ń dé ọ̀dọ̀ quarterback kó tó jù ú. Sack àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà ni kí ẹ máa kà.

Lẹ́yìn náà ni eré Denver ti January 8, 2012. James Farrior tó wà láàárín ti pé ọdún 37. Casey Hampton jẹ́ 34. Brett Keisel àti James Harrison jẹ́ 33. Aaron Smith, ẹni 35, ti fara pa, kò sí níbẹ̀ rárá. Hampton àti Keisel tún fara pa nínú eré náà, wọn kò parí rẹ̀. Ryan Clark kò lè gbá a: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, orí òkè gíga sì ni Denver wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ní 2007 tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àìsàn tó tẹ̀lé e le débi pé wọ́n yọ ọlọ inú rẹ̀. Àwa tí a ń béèrè jẹ́nótáìpù kí á tó fẹ́ ara wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé AS kò ní wàhálà kankan. Clark fi ara rẹ̀ mọ̀ pé lórí òkè, nínú iṣẹ́ àṣekára, ó lè ní. Kóòṣì Mike Tomlin ló ní kó má ṣeré lọ́jọ́ náà, ó sì ṣe ohun tó tọ́.

Eré wọ àfikún àkókò. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Tim Tebow jù, Demaryius Thomas gbà á, ó sì sá yáàdì 80 dé ìlà. 29 sí 23. Ìlà ìdènà tó jẹ́ àkọ́kọ́ lórí àtẹ ni wọ́n sá kọjá yẹn.

Ṣé ẹni tó dára jù ni kí á mú, àbí ẹni tí yóò dí ipò tó ṣófo?

Àríyànjiyàn yìí kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ draft. Èrò tèmi ni pé tí ẹ bá ti ń béèrè nípa ipò tó ṣófo, ẹ ti pẹ́. Ipò tó ṣófo lónìí, èṣín tàbí ìjẹsí ló yẹ kí ẹ ti mú ọmọ sí i. Ipò tí yóò ṣófo lẹ́yìn ọdún méjì ni kí ẹ máa mú ọmọ sí, kí ẹ sì mú ẹni tó dára jù níbẹ̀.

Cameron Heyward ni ẹ̀rí mi. Nígbà tí wọ́n mú un ní ipò 31 ní 2011, kò sí àyè kankan fún un. Smith wà, Keisel wà, Ziggy Hood tí wọ́n mú ní ìpele kìíní ní 2009 náà wà. Sáà méjì gbáko ni Heyward fi wà lẹ́yìn wọn, tí kò bẹ̀rẹ̀ eré kankan. Ó di 2013 kó tó di ti ẹ̀ ní tòótọ́. Ní 2024, ó ti pé ọdún 35, wọ́n ṣì kà á mọ́ àwọn tó dára jù nínú gbogbo NFL ní ipò rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2013, Steelers dá James Harrison sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ dín owó rẹ̀ kù kò wọ̀. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n mú Jarvis Jones láti Georgia ní ipò 17, kó dí àyè náà. Àyè ti ṣí, ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Sack mẹ́fà péré ni Jones ní láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, Harrison tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n tún lọ pè padà, ẹni ọdún 36!

Kì í ṣe Pittsburgh nìkan. Baltimore Ravens gba Super Bowl ní oṣù kejì 2013; Ray Lewis fẹ̀yìn tì, Ed Reed sì lọ sí Houston. Ní draft ọdún yẹn, safety, ìyẹn adènà ẹ̀yìn pátápátá, ni wọ́n fi ìpele kìíní mú, Matt Elam, linebacker, ìyẹn adènà àárín, ni wọ́n fi ìkejì mú, Arthur Brown. Ihò méjèèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gan-an ni. Kò sí èyí tó dí nínú wọn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún wọn ní draft náà ni Brandon Williams, ọkùnrin àárín iwájú tí wọ́n mú ní ìpele kẹta, níbi tí ojú kò ti kán wọn.

Ibo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀: iwájú, àárín, tàbí ẹ̀yìn?

Iwájú. Mi ò ṣiyèméjì lórí èyí.

Steelers ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní 3-4: mẹ́ta ló ń fọwọ́ kanlẹ̀ níwájú, linebacker mẹ́rin á dúró lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yẹn kì í hàn sí ojú òǹwòran. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àwọn ọkùnrin ńláńlá alátakò dání kí àwọn tó kù lè ráyè. Tí wọ́n bá rẹ̀, linebacker tó yára jù láyé kò ní rí ọ̀nà. Tí wọ́n bá lágbára, quarterback kò ní ráyè wo ọ̀ọ́kán, cornerback, ìyẹn adènà ẹ̀yìn tó ń sá tẹ̀lé ẹni tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ á sì dà bí ọ̀gá. Òdìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: cornerback tó dára jù kò lè sá tẹ̀lé ènìyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyí: Heyward ní ipò 31 ní 2011. Stephon Tuitt ní ipò 46 ní 2014. Javon Hargrave ní ipò 89 ní 2016, láti South Carolina State, ọ̀kan lára àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 2017 ni T.J. Watt wá dé ní ipò 30. Kò sí èyí tí wọ́n mú ní ipò 20 àkọ́kọ́ nínú wọn.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn. Curtis Brown àti Cortez Allen ní 2011, Senquez Golson ní ìpele kejì 2015, Artie Burns ní ìpele kìíní 2016. Ìfarapa kò jẹ́ kí Golson gbá eré sáà kankan rí. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, kò sí ẹni tó di òpó. Ohun tó tú ẹ̀yìn sílẹ̀ nínú wàhálà ni ọjà: Joe Haden tí Cleveland dá sílẹ̀ ní 2017, Steven Nelson tí wọ́n rà ní 2019. Cornerback tó ti mọ iṣẹ́ máa ń yọ sí ọjà lọ́dọọdún. Ọkùnrin iwájú tó dára bíi Heyward, ikọ̀ tó ní in kì í jẹ́ kó jáde.

Àárín ńkọ́?

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti máa ń bàjẹ́ nínú ìtàn yìí. Ryan Shazier, ipò 15 ní 2014, ni wọ́n mú láti jókòó sí ibi tí Farrior ti dìde, ó sì ń ṣe é, ó yára ju linebacker tó pọ̀ lọ. Ní December 4, 2017, ní Cincinnati, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa nígbà tó fẹ́ mú alátakò ṣubú, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láé. Ó rìn padà, a dúpẹ́. Kò sí ètò draft tó lè ṣírò irú èyí, ihò tó sì fi sílẹ̀ ló fa ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí á ta àwọn ipò wa kí á lè gòkè lọ mú ẹnì kan?

Ní 2019, Steelers gbé ipò 20, ipò 52 àti ìpele kẹta ọdún tó tẹ̀lé e fún Denver, wọ́n sì fi gòkè sí ipò 10 láti mú Devin Bush, linebacker láti Michigan. Àtẹ kan wà tí Jimmy Johnson, kóòṣì Dallas Cowboys nígbà náà, sọ di mímọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó fún ipò kọ̀ọ̀kan ní iye: ipò 10 jẹ́ 1300, ipò 20 jẹ́ 850, ipò 52 jẹ́ 380. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ. Bush ṣe dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́. Ní October 2020, iṣan orúnkún rẹ̀ já, kò sì padà rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ó ti lọ. Ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọmọ mẹ́ta rà, nígbà tí ẹni náà sì ṣubú, kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní September 2019, wọ́n tún fi ìpele kìíní 2020 gba Minkah Fitzpatrick lọ́wọ́ Miami. Àwọn kan ní owó náà pọ̀. Ṣùgbọ́n Fitzpatrick ti gbá sáà kan ní NFL, ọmọ ọdún 22 ni, wọ́n ti rí i láàárín àwọn àgbà, wọn kò fojú inú wò ó. Ọdún náà gan-an ni wọ́n kà á mọ́ àwọn safety tó dára jù ní NFL, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020 àti 2022. Tí ikọ̀ yín bá fẹ́ náwó ipò ọjọ́ iwájú, ẹ ná an sórí ọmọdé tó ti fi iṣẹ́ hàn, ẹ má ná an sórí ìrètí.

Kí là ń wò lára ọmọ yunifásítì tó ń lé quarterback?

Ẹ gbé Jones àti Watt sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Jones ní sack 14.5 ní sáà rẹ̀ tó kẹ́yìn ní Georgia, ẹnikẹ́ni kò ní tó o ní yunifásítì lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó sá yáàdì 40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Watt ní Wisconsin kò ní ju sáà kan tó dáńgájíá lọ. Tight end, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù apá ìkọlù, ni tẹ́lẹ̀, orúnkún ti dà á láàmú. Ó sá yáàdì 40 ní 4.69, ó yí kónù mẹ́ta ká ní 6.79. Ara rẹ̀ ń sọ ohun tí ìwé rẹ̀ kò tíì sọ. Ní 2021 ó ní sack 22.5, ó bá Michael Strahan dọ́gba lórí iye tí Strahan ti fi lélẹ̀ láti 2001.

Mi ò ní kí ẹ sọ eré ìje di draft. Bud Dupree, ipò 22 ní 2015, sáré ju Watt lọ, ó sì di 2019 kí sack rẹ̀ tó kọjá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ ṣe é kọ́. Ara tí kò yára ní ọdún 22 kò ní yára ní 26.

Ọmọ tí wọ́n mú ní ìpele ìsàlẹ̀, ṣé ó lè di nǹkan?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ikọ̀ bá mọ irú ènìyàn tó ń wá. Seattle Seahawks mú Kam Chancellor ní ipò 133 ní 2010, wọ́n mú Richard Sherman ní ipò 154 ní 2011, ìpele karùn-ún ni àwọn méjèèjì. Ọkùnrin gíga, ọwọ́ gígùn ni wọ́n ń wá sí ẹ̀yìn, nígbà tí àwọn yòókù ń wá ẹni tó yára jù. Ní oṣù kejì 2014 wọ́n fi 43 sí 8 lu Denver ní Super Bowl. James Harrison fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó mú un ní draft rárá.

Báwo ni owó ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà?

Gbèdéke wà lórí owó tí ikọ̀ lè san fún gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún: mílíọ̀nù 123 dọ́là ní 2013, mílíọ̀nù 279.2 ní 2025. Àgbà wọ́n, ọmọdé pọ́ọ́kú. Láti 2011, ipò tí wọ́n ti mú ọmọ ló ń pinnu owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ikọ̀ sì lè fi ọdún karùn-ún kún un fún àwọn ti ìpele kìíní.

Nítorí èyí, ẹ má kó gbogbo ìdènà jọ nínú draft ọdún kan. Ọjọ́ kan náà ni ìwé àdéhùn wọn máa tán, ẹ kò sì ní lè sanwó fún gbogbo wọn. Ẹ tún wo ọdún tí Steelers mú ti wọn: 2011, 2014, 2016, 2017. Nígbà tí Hargrave lọ gba owó ńlá ní Philadelphia ní 2020, àyè ṣì wà láti san mílíọ̀nù 112 dọ́là fún Watt ní 2021. Ikọ̀ tó bá sì pàdánù ẹni ńlá báyìí, NFL lè fi ipò kan kún tirẹ̀ láàárín ìpele kẹta sí ìkeje ní draft tó ń bọ̀.

Kí ni kí á ṣe sí àwọn àgbà?

Ẹ má lé wọn lọ lọ́jọ́ kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Farrior àti Smith lọ ní 2012, Troy Polamalu, safety wọn, dúró di 2015. Kí àgbà kan kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan, pàápàá lábẹ́ kóòṣì ìdènà bíi Dick LeBeau, tí ètò rẹ̀ takókó débi pé ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà rí àyè wọlé. Ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ má tún jẹ́ ti ẹni tó ń sáré bíi ti àná.

Ṣé àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀?

Wọ́n wà, iwájú gan-an ni wọ́n sì pọ̀ sí. Adewale Ogunleye kò rí ẹni mú un ní 2000 nítorí orúnkún tó ti fara pa. Ní 2003 ó ní sack 15 fún Miami, ẹnikẹ́ni ní AFC, ọ̀kan nínú apá méjì tí NFL pín sí, kò ní jù ú lọ. Larry Ogunjobi, ipò 65 ní 2017, ni ọmọ àkọ́kọ́ tí draft mú láti Charlotte, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Steelers láti 2022 sí 2024. Ẹ wá wo àwọn tó ń lé quarterback: Boye Mafe ní ipò 40, BJ Ojulari ní 41, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Azeez ní 50, Femi Oladejo ní 52. Ìpele kejì ni gbogbo wọn. Ikọ̀ tí ipò rẹ̀ kò dára ní ìpele kìíní, ibẹ̀ ni kó máa ṣọ́.

Ọdún mélòó ló ń gbà?

Fún Steelers, mẹ́fà. Láti 2017 títí dé 2021, kò sí ikọ̀ tó ní sack jù wọ́n lọ ní sáà kankan. Ní 2019 àwọn náà ló tún gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ alátakò jù, ìgbà 38. Síbẹ̀, lẹ́yìn January 2017 títí dé òpin sáà 2024, wọn kò borí eré ẹ̀yìn sáà (playoff) kankan. Ìdènà tó dọ̀tun kò gba ife nìkan. Quarterback wọn, Ben Roethlisberger, ń darúgbó lọ títí dé sáà 2021 tó gbá kẹ́yìn, wọn kò sì fi irú sùúrù kan náà múra sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ fojú ara mi wo draft ikọ̀ mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Kí oṣù kẹrin tó dé, ẹ kọ orúkọ àwọn adènà 11 tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, ọjọ́ orí wọn, àti ọdún tí ìwé àdéhùn wọn máa parí. Ẹ fàlà sábẹ́ ẹni tó bá ti kọjá 30 tí kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ ni ikọ̀ yín mú ọmọ sí. Ní Pittsburgh, wọ́n mú Keeanu Benton ní ipò 49 ní 2023, Derrick Harmon ní ipò 21 ní 2025, ọkùnrin iwájú ni àwọn méjèèjì, Heyward sì ṣì wà lórí pápá nígbà tí wọ́n dé.